Ẹnu apá aṣọ: bí a ṣe ń rán pálákẹ́ẹ̀tì àti kọ́ọ̀fù tí kò ní dójú ti télọ̀

Tí ẹ bá fẹ́ mọ télọ̀ tó gbọ́ṣẹ́, ẹ má wo kọ́là. Kọ́là wà ní gbangba, kò sí télọ̀ tí kì í ṣọ́ra níbẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà na ọwọ́, kí ó yí i padà, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti la apá aṣọ láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Ibẹ̀ ni òwú ti máa ń yọ, ibẹ̀ ni aṣọ ti máa ń wú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta, ibẹ̀ náà ni kọ́ọ̀fù, aṣọ tó yí ọrùn ọwọ́ ká, ti máa ń yọ imú kọjá pálákẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí a fi di ojú ibi tí a là.

Ìdí tí a fi ń la ibẹ̀ kò ju pé ọwọ́ fẹ̀ ju ọrùn ọwọ́ lọ. Kọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa sí ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Aṣọ méjì la fi ń di ojú ibi tí a là: ọ̀kan tóóró, ọ̀kan fẹ̀, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí òrùlé ilé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn, kì í pe orúkọ òyìnbó wọn. Ìyá àti ọmọ ló ń pè wọ́n. Èyí tó fẹ̀ ni ìyá, èyí tó tóóró ni ọmọ, ìyá ló sì ń bo ọmọ mọ́lẹ̀. Orúkọ yẹn ni màá lò níhìn-ín, torí ó máa ń jẹ́ kéèyàn rántí èyí tó yẹ kó wà lókè.

Lọ́dún kejì tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, ọ̀gá gbé kàfùtáànì kan tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ Atíkù lé mi lọ́wọ́ pé kí n parí apá rẹ̀. Mo ṣe ọ̀kan, ó dùn-ún wò. Mo tẹ́ ìkejì sílẹ̀ bí mo ṣe tẹ́ àkọ́kọ́, mo sì ṣe é bí mo ṣe ṣe àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀gá gbé méjèèjì sókè, ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé ọwọ́ òsì méjì ni Alájì yìí ní?" Mo ti la aṣọ, aṣọ tí a sì ti là kò ṣeé dá padà. A tún sáré lọ sí ọjà Gbági lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ fún aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọ̀ tí a rí kò bá ti àkọ́kọ́ mu tán, nítorí náà apá méjèèjì la tún gé.

Látìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì, màá tẹ́ apá méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n kọjú síra bí ẹni méjì tó fẹ́ kíra, màá fi ṣọ́ọ̀kì kọ "ọ̀tún" àti "òsì" sí inú wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ka ìyókù.

Ohun èlò

Pọ́púlíìnì ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ ọ, torí ojú ìṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ibi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ, máa ń dúró tí áyọ́ọ̀nù bá kọjá lórí rẹ̀. Atíkù náà dára. Ẹ fi síkì àti ṣífọ́ọ̀nù sílẹ̀ ná, wọ́n ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 14 fún Atíkù. Ojú ìránṣọ kí ó tó mìlímítà 2½. Tépù, rúlà, ṣọ́ọ̀kì tí ẹ pọ́n lẹ́nu, píìnì, sísọ́ọ̀sì kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú dé ṣóńṣó, àti páálí díẹ̀. Páálí kọnfíléèsì tó.

Sítéè, aṣọ tí a ń lẹ̀ mọ́ inú kọ́ọ̀fù kó lè dúró, ńkọ́? Èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni kí ẹ rà. Ó wà ní líle, ó wà ní rírọ̀. Kọ́ọ̀fù ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì lè gba líle, ṣùgbọ́n ti obìnrin àti ti ọmọdé, rírọ̀ ni. Ẹni tó bá ń ta á yóò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ wò: tó bá dá bíi páálí, ẹ dá a padà.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju máṣíìnì lọ nínú iṣẹ́ yìí ni áyọ́ọ̀nù. Bóyá iná wà o, bóyá iná ò sí o, ẹ wá èyí tó gbóná. Eléèédú kò burú, mo lò ó fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi àkísà nu abẹ́ rẹ̀ torí eérú. Ẹni tó bá ní òun yóò rán an tán kóun tó lọ̀ ọ́, títú ló máa tú u.

Gígé

Nígbà tí ẹ bá ń wọn oníbàárà, ẹ bi í pé ọwọ́ wo ló ń wọ aago sí, kí ẹ fi ínṣì ½ kún gígùn kọ́ọ̀fù ọwọ́ yẹn. Ìbéèrè kékeré, ṣùgbọ́n àwọn tí aago wọn tóbi kì í gbàgbé télọ̀ tó bi wọ́n.

Ká ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 7. Ẹ fi 1½ kún un kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ẹ fi 1 kún un fún ibi tí bọ́tìnì ti ń gun ara wọn. Ó di 9½. Ẹ wá fi ½ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún àláwáǹsì, ìyẹn aṣọ tí ìránṣọ yóò jẹ, ó di 10½. Fífẹ̀ rẹ̀, tí kọ́ọ̀fù yóò bá jẹ́ 2½ tó bá parí, 3½ ni ẹ ó gé. Méjì-méjì fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lápapọ̀. Ọ̀kan nínú méjì ló ń gba sítéè, èyí tó máa wà níta.

Ìyá: gígùn 8, fífẹ̀ 2½, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ: gígùn 7, fífẹ̀ 1¼, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Kí gígùn wọn bá etí aṣọ tí wọ́n hun tí kì í tú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa fà bíi rọ́bà lábẹ́ máṣíìnì. Tí aṣọ bá ní ìlà, ẹ lè gé ìyá ní ìbú kí ìlà rẹ̀ dábùú. Ó máa ń dá bí ọnà tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, kò sì sí wàhálà pé kí ìlà bára mu.

Ibi tí a ó ti là

Apá aṣọ gbọ́dọ̀ ṣì wà ní títẹ́, kí ẹ má tíì rán abíyá rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo orí rẹ̀ níbi tó ti máa lẹ̀ mọ́ èjìká: ẹ̀gbẹ́ kan jin wọnú ju èkejì lọ. Èyí tó jin ni iwájú, èkejì ni ẹ̀yìn. Ẹ pa á pọ̀ sí méjì ní gígùn kí etí méjèèjì pàdé, kí ẹ tún pa ìdajì ti ẹ̀yìn pọ̀ sí méjì. Ojú ìṣẹ́ kejì yìí ni ibi tí a ó là. Tí ẹ bá gbé e sára ọwọ́ yín, ó yẹ kó bọ́ sí ọ̀gangan ìka ọmọńdinrín. Tó bá bọ́ sí ọ̀gangan àtàǹpàkò, ẹ ti mú iwájú pe ẹ̀yìn.

Ní inú aṣọ, ẹ fa ìlà kan níbẹ̀ láti etí ìsàlẹ̀ lọ sókè, ínṣì 6. Ẹ fa ìlà méjì mìíràn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ínṣì ¼ sí ti àárín. Ẹ fi ìlà dábùú so orí wọn pọ̀. Ó ti di àpótí tóóró tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ½. Ẹ má tíì gé nǹkan kan.

Lílọ̀ ìyá àti ọmọ

Ọmọ kò ní wàhálà. Ẹ ṣẹ́ etí gígùn rẹ̀ kan wọnú ní ¼, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìdajì, kí ẹ tún lọ̀ ọ́. Etí kejì yóò yọ jáde ní ¼. Èyí la ó fi rán an mọ́ apá.

Ìyá gba sùúrù. Ẹ gé páálí kan tó fẹ̀ ní ínṣì 1, tó gùn ní 7½, kí ẹ gé orí rẹ̀ ní ṣóńṣó. Ẹ tọ́jú páálí yìí. Tèmi ti dúdú lẹ́nu áyọ́ọ̀nù, mo ṣì ń lò ó. Ẹ ṣẹ́ etí kan ìyá ní ¼ bí ẹ ti ṣe sí ọmọ, ẹ pa á pọ̀ ní ìdajì, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lé orí apá aṣọ bí yóò ṣe jókòó tó bá parí: ní ẹ̀gbẹ́ iwájú, kí etí tí ẹ ṣẹ́ wà lókè, kí ojú ìṣẹ́ tó wà láàárín kọjú sí ẹ̀yìn. Tó bá jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tó di 6½ láti ìsàlẹ̀. Láti àmì yẹn lọ sókè, ẹ gé awẹ́ tó wà lábẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ fi ¼ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìṣẹ́. Ìdí ni pé orí ìyá kò nílò aṣọ méjì; tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wú.

Ẹ wá ti páálí bọ inú rẹ̀, ẹ ká ¼ náà bo etí páálí, ẹ ṣẹ́ igun méjèèjì orí rẹ̀ wọnú kó di ṣóńṣó, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ẹ má fà á, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ páálí. Ti apá kejì gbọ́dọ̀ kọjú sí òdìkejì, bí bàtà. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tí wọ́n bá jọ ara wọn délẹ̀, ẹ ti ṣe irú tèmi.

Rírán pálákẹ́ẹ̀tì

Ibi tó máa ń ya àwọn ọmọṣẹ́ lẹ́nu rèé: inú aṣọ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ apá sílẹ̀, kí inú rẹ̀ wà lókè. Ẹ dojú ọmọ bolẹ̀ lórí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, kí etí rẹ̀ tí a kò ṣẹ́ bá ìlà àárín dọ́gba. Ẹ dojú ìyá bolẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ iwájú, kí etí tirẹ̀ náà dé ìlà àárín. Àwọn méjèèjì yóò kan ara wọn lórí ìlà yẹn láìgun ara wọn. Ẹ fi píìnì dè wọ́n.

Ẹ rán ọmọ láti ìsàlẹ̀ dé orí àpótí, lórí ìlà ¼. Tó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé òkè, ẹ dín ojú ìránṣọ kù sí bíi 1½, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, kí ẹ fi ọwọ́ yí máṣíìnì títí abẹ́rẹ́ fi wọlé sí igun àpótí gan-an. Ẹ rán an padà sẹ́yìn ní ojú mẹ́ta, ẹ já òwú. Ẹ ṣe ìyá bẹ́ẹ̀. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ parí ní ibi kan náà. Tí ọ̀kan bá fi ojú ìránṣọ kan péré ga ju èkejì, orí pálákẹ́ẹ̀tì yóò wọ́, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè nà án.

Ó wá kan lílà. Ẹ yí aṣọ padà, ẹ ká ìyá àti ọmọ kúrò lábẹ́, torí apá aṣọ nìkan ni sísọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Ẹ gé e lórí ìlà àárín láti ìsàlẹ̀ lọ sókè; tó bá ku ínṣì ½ kí ẹ dé orí àpótí, ẹ dúró. Láti ibẹ̀, ẹ gé e lọ sí igun ọ̀tún, kí ẹ tún gé e lọ sí igun òsì, bíi gọ́ńgọ́ igi tó pẹ̀ka sí méjì. Ẹ dé ibi tó ku fọ́nrán òwú kan péré kí ẹ kan ìránṣọ. Tí ẹ bá dúró jìnnà, igun yóò hunjọ. Tí ẹ bá gé ìránṣọ, ihò ti dé, ihò yẹn yóò sì máa dàgbà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọ aṣọ. Mo máa ń gbé aṣọ sójú fèrèsé kí n tó gé igun, kì í ṣe ìwà àgbà, ìmọ́lẹ̀ ni mo ń wá.

Ẹ fa ọmọ gba ojú ibi tí ẹ là jáde sí ojú aṣọ. Ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ ká a bo etí aṣọ, kí etí rẹ̀ tí ẹ ti ṣẹ́ bo ìlà ìránṣọ àkọ́kọ́ díẹ̀, kí ẹ rán an láti ojú aṣọ, nítòsí etí pátápátá, láti ìsàlẹ̀ dé orí ibi tí ẹ là.

Ẹ ó rí aṣọ kékeré onígun mẹ́ta kan níbi tí ẹ ti pẹ̀ka. Ẹ ṣẹ́ ẹ sókè sí ojú aṣọ, kí ẹ rán an mọ́ orí ọmọ ní ìdábùú. Lẹ́ẹ̀mẹta ni kí ẹ lọ, kí ẹ bọ̀ lórí rẹ̀. Òun ló ń gbé gbogbo ìnira nígbà tí èèyàn bá ń fi agbára ti ọwọ́ bọ apá. Ẹ gé ìrù ọmọ tó kọjá orí rẹ̀ kúrò.

Ẹ wá fa ìyá jáde sí ojú aṣọ. Ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́. Etí rẹ̀ tí ẹ ṣẹ́ yóò bo ìlà ìránṣọ rẹ̀, ara rẹ̀ yóò bo ọmọ, orí rẹ̀ yóò bo aṣọ onígun mẹ́ta náà. Gbogbo ìdọ̀tí iṣẹ́ wà lábẹ́ ìyá báyìí. Tí òwú kan bá ṣì ń yọjú, ẹ gé e nísinsìnyí, torí kò sí àyè mọ́ lẹ́yìn èyí.

Ẹ fi píìnì dè é, ẹ fa ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tó bo ìlà ìránṣọ, ẹ rán an lọ sókè, ẹ yí i ní ṣóńṣó orí rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí ẹ bá dé ọ̀gangan orí ibi tí ẹ là, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó rán ẹnu apá pa. Ẹ dá a dábùú padà sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti wá. Ní igun kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú aṣọ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè láti yí i. Àwọn kan máa ń fi àgbélébùú sínú àpótí tí ìránṣọ yìí ṣe lórí ìyá. Èmi kì í ṣe é, ó ń le, oníbàárà sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì.

Ẹ fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó lọ síwájú.

Fún búláòsì obìnrin tí kò nílò ariwo, ọ̀nà kan wà tó rọrùn jù: ẹ la apá ní ínṣì 4, ẹ fi aṣọ tóóró kan ṣoṣo yí etí ibi tí ẹ là po láti ìsàlẹ̀ kan dé ìsàlẹ̀ kejì, ẹ ká a bò ó, ẹ rán an. Ó yá, ó sì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sí ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kí ẹ wá gba owó ìyá àti ọmọ.

Kọ́ọ̀fù

Kí ẹ tó dé ibí, ẹ ti so apá mọ́ ara aṣọ, ẹ ti rán abíyá àti ẹ̀gbẹ́ pọ̀, ẹ ti wíìfù rẹ̀ kí etí rẹ̀ má bàa tú.

Ẹ gbé sítéè lé inú kọ́ọ̀fù ti ìta. Tó bá jẹ́ líle, ẹ gé àláwáǹsì kúrò lára rẹ̀ kí igun má bàa di òkúta. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ bò ó, ẹ tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn láti àárín lọ sí etí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e, ẹ sún un. Tí ẹ bá ń fà á lọ fà á bọ̀, sítéè yóò sún, lẹ́yìn ìfọ̀ kejì yóò máa lé ròrò bí awọ ara tó ń bó. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó gbé e.

Ẹ ṣẹ́ etí òkè kọ́ọ̀fù ìta wọnú ní ½, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ dojú òun àti ti inú kọ ara wọn, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí igun rẹ̀ yípo, ẹ fi ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò yàwòrán rẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè bára mu. Ẹ gé àláwáǹsì kù sí ¼, ẹ gé ẹnu kéékèèké sí ibi tó yípo, ẹ yí i síta, ẹ lọ̀ ọ́. Àláwáǹsì ti kọ́ọ̀fù inú yóò yọ jáde lókè ní ½. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Ẹ wọn ẹnu apá nísinsìnyí, láti etí ìyá dé etí ọmọ. Ká ní ó jẹ́ 11½, kọ́ọ̀fù sì jẹ́ 9½. Ó ṣẹ́ku 2. Ẹ pín in sí pílíìtì méjì, ìyẹn ibi tí a ti ṣẹ́ aṣọ lé ara rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ ínṣì 1. Ẹ̀gbẹ́ ìyá ni wọ́n máa ń wà, kí àkọ́kọ́ jìnnà sí i ní bíi ínṣì 1, kí ẹnu wọn kọjú sí pálákẹ́ẹ̀tì. Tí ohun tó ṣẹ́ku bá yàtọ̀ sí èyí, pílíìtì ni kí ẹ fi tún un ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́ọ̀fù, ọrùn ọwọ́ oníbàárà kò yí padà.

Ẹ gbé ojú kọ́ọ̀fù inú lé inú apá. Igun méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ dè: etí ìyá gbọ́dọ̀ kan ìpẹ̀kun kọ́ọ̀fù kan, etí ọmọ gbọ́dọ̀ kan èkejì, láìsí àlàfo bí ó ti wù kó kéré mọ. Àárín ni kí ẹ wá tún ṣe. Ẹ rán an ní ½. Ẹ ti gbogbo àláwáǹsì wọ inú kọ́ọ̀fù, ẹ fa etí ìta tí ẹ ti ṣẹ́ wálẹ̀ kó bo ìlà ìránṣọ, kí ẹ rán an láti ojú aṣọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní igun, ibẹ̀ nípọn, máṣíìnì yóò kọ̀, òwú yóò sì di jọ lábẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín, ẹ yí gbogbo kọ́ọ̀fù po, kí ẹ padà wá pàdé ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí máṣíìnì bá ń gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálákẹ́ẹ̀tì, ẹ ká páálí kékeré sábẹ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè dọ́gba, yóò gòkè wẹ́rẹ́.

Bọ́tìnì

Ojú bọ́tìnì wà ní ìpẹ̀kun tí ìyá wà, ní ìdábùú, ínṣì ½ sí etí. Bọ́tìnì wà ní ìpẹ̀kun ti ọmọ. Kí ojú bọ́tìnì gùn ju bọ́tìnì lọ ní ⅛. Ẹ fi bọ́tìnì kékeré kan sí àárín pálákẹ́ẹ̀tì, torí tí kò bá sí, ẹnu apá yóò máa là gbàgà nígbà tí èèyàn bá káwọ́. Tiẹ̀, ní òró ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Tí ẹ kò bá ní máṣíìnì tó ń lu ojú bọ́tìnì, ẹ kó wọn fún àwọn tó ń lù ú lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ má sọ fún wọn lẹ́nu.

Láti rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, ẹ gbé igi ìṣáná lé orí rẹ̀, kí òwú máa gba orí igi náà kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ fa igi yọ, ẹ gbé bọ́tìnì sókè, ẹ fi òwú yí ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi abẹ́rẹ́ gba inú aṣọ jáde lábẹ́, ẹ ta kókó, ẹ gé e.